Kí O Tó Fi Ètò Tuntun Sí Kọ̀ǹpútà Tó Ń Darí Abẹ́rẹ́

Ẹ̀yìn Ọjà Ọba,
Àkúrẹ́.

Mojísọ́lá, Àjọkẹ́ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ rẹ, kọ́kọ́ bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ dáadáa lórúkọ mi. Sọ fún wọn pé ara mi le, pé orúnkún tó ń dùn mí ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá ibì kan jókòó sí, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ gùn. Awakọ̀ tí mo máa bẹ̀ ní gáréèjì pé kó bá mi gbé e dé Oǹdó á bi mí pé ṣé ìwé ilẹ̀ ni mo dì sínú ẹ̀ ni, torí á nípọn jù. Màá ní kó máa lọ, pé ọ̀rọ̀ bàbá sí ọmọ ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí o pè mí, mi ò ṣe dáadáa sí ọ. O ṣàlàyé fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé láràárọ̀ tí o bá ti tan kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ ọnà wa, ọ̀rọ̀ kan máa ń yọ lójú rẹ̀. Pé àwọn tó ṣe ètò ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dìde tó sì fi ń mọ ohun tí wọ́n bá so mọ́ ọn, ò ní tọ́jú èyí tó wà níbẹ̀ mọ́. Pé tuntun ti dé. Pé ẹnjiníà kọ̀ǹpútà tó wà ládùúgbò yín ní kí o jẹ́ kí òun fi tuntun sí i kíákíá, torí ètò tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú mọ́, kòkòrò kọ̀ǹpútà á kàn máa wọlé sínú ẹ̀ bó ṣe wù ú. O wá bi mí pé, "Bàámi, ṣé kí n ṣe é, àbí kí n má ṣe é?"

Mi ò tilẹ̀ jẹ́ kí o mí. Mo pariwo, "Má fọwọ́ kàn án! Mo ní o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!" Mo sì pa fóònù. Télọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì yọjú wá bi mí pé ta ni mò ń lé.

Mo mọ ohun tó wà nílẹ̀, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé báàjì ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé fún ọ yẹn ni iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí o máa fi orúkọ ara rẹ gbà nílùú ọkọ rẹ. Irínwó báàjì, tó gbọ́dọ̀ wà láyà àwọn ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, gbogbo Oǹdó ni yóò gbọ́ pé ìyàwó tuntun tó wá láti Àkúrẹ́ ò mọ iṣẹ́. Bí ètò tuntun bá sì nu inú kọ̀ǹpútà nù, gbogbo ọnà tí mo ti yà láti ìgbà tí mo ti ra ẹ̀rọ náà ti lọ nìyẹn, kò sí ibòmíì tí a ó ti rí wọn. Ẹ̀rù ló bà mí. O béèrè ìmọ̀ràn, ariwo ni mo fún ọ. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ padà nìyẹn, torí mi ò lè pariwo lórí ìwé.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe.

Èkíní. O mọ̀ pé Ìgbàrà-Òkè ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ọwọ́ ló fi ń kọ ọnà sọ́rùn agbádá, abẹ́rẹ́ kan àti òwú kan. Ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ ọnà ẹlẹ́sẹ̀ wá hàn án nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bàbá ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Gbé e lọ ulé rẹ! Uṣẹ́ ọwọ́ ni mo mọ̀." Gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ó dùn mọ́ wa pé ọ̀gá wa láyà.

Nígbà tí mo gba ìdáǹdè, tí mo wá yá yàrá kékeré kan lẹ́bàá Ọjà Ọba níbí, ẹlòmíì tún gbé irú ẹ̀rọ yẹn wá bá mi. Ó ní kí n lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan ná, bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kí n dá a padà. Mo wo ojú rẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ, tó fi dórí ìgbéraga tó wà nínú ohùn rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sọdá títì, ó gbé e fún ẹni tó dojú kọ mí.

Kò tó Kérésìmesì méjì tí àwọn oníbàárà mi fi ń gba iwájú mi kọjá lọ sí òdìkejì títì. Àwọn kan tilẹ̀ ń kí mi bí wọ́n ṣe ń lọ, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Iṣẹ́ wo? Kò sí aṣọ kankan lórí itan mi. Ojú sì ń tì mí kí wọ́n máa rí mi tí mo káwọ́ gbera, ni mo bá ń kó ìrọ̀rí ilé wa wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń kọ ọnà sí i kí ó lè dà bíi pé iṣẹ́ wà. O rántí pé nígbà tí o wà ní kékeré, o bi wá pé kí ló dé tí ìrọ̀rí wa fi lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀, tí aṣọ wa kò sì lẹ́wà? Èmi àti ìyá rẹ wo ara wa, a ò dá ọ lóhùn. Ìdáhùn rẹ nìyẹn, ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni.

Ìyá rẹ ń ka lẹ́tà yìí láti ẹ̀yìn mi. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí sílẹ̀, kí n lọ síbi ọ̀rọ̀.

Ibi ọ̀rọ̀ ni pé mo pè é ní ìgboyà, ìwà ọ̀lẹ ni. Mi ò fẹ́ jókòó kọ́ ohun tí mi ò mọ̀ níwájú àwọn tó ń pè mí ní ọ̀gá. Nítorí náà, Àjọkẹ́, bí ohun tuntun bá dé, má kọ̀ ọ́ torí pé èyí tó wà níwájú rẹ ti mọ́ ọ lára. Láràárọ̀ tí o bá tẹ ibi tí wọ́n kọ "ó di ìgbà mìíràn" sí lójú kọ̀ǹpútà yẹn, ìpinnu ni o ṣe, ṣùgbọ́n ìpinnu tí o kò rò ni. Jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan, kí o rò ó tán. Kí ni èyí tó wà nílẹ̀ kò lè ṣe mọ́? Kí ni tuntun máa fún mi tí mo nílò lóòótọ́? Àwọn wo ló máa jìyà rẹ̀ bí mo bá ṣìṣe? Bí o bá ti dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbẹ̀rù tó bá kù, o lè gbé e dání máa ṣiṣẹ́ lọ.

Èkejì. Èyí ni ìtìjú mi tó tóbi jù lọ. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí, mo yí padà pátápátá, mo di ẹni tó ń sáré bá gbogbo ohun tuntun. Mo ra ẹlẹ́sẹ̀, mo ra oníná, nígbà tó yá mo ra èyí tó ń lo kọ̀ǹpútà. Àwa méjì péré la ní irú rẹ̀ ládùúgbò nígbà náà. Mo máa ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu kí àwọn tó ń gun ọ̀kadà kọjá lè rí abẹ́rẹ́ tó ń lọ sókè sódò láìsí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ẹnjiníà kan yà kí mi. Ó wo kọ̀ǹpútà mi, ó mi orí. Ó ní, "Dádì, ètò tí ẹ ń lò yìí ti darúgbó o. Tuntun ti jáde. Ó yá ju èyí lọ, ojú ẹ̀ sì mọ́." Ohun tó dùn mí ni pé ó pè é ní arúgbó níṣojú àwọn oníbàárà mi. Mo ní kó fi tuntun sí i níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ aṣọ akọrin ogójì wà nílẹ̀, tí mo gbọ́dọ̀ kọ àgbélébùú sí ọrùn wọn kó tó di ọjọ́ Ìsinmi. Mo ti ṣe méjìlá. Mo rò pé ètò tuntun á jẹ́ kí ìyókù yá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kọ̀ǹpútà dìde pẹ̀lú àwòrán òkè ńlá kan tó dára gan-an. Ètò ọnà ṣí, àwọn ọnà mi pé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ ẹ̀rọ mọ́. Mo tú wáyà, mo tún un so, ó ní òun ò rí nǹkan kan tí wọ́n so mọ́ òun. Ẹ̀rọ tó tóbi tó àpótí aṣọ, tó wà níwájú rẹ̀ gbàgìdì!

Ibi tí mo ti ń fọwọ́ wá ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni mo ti kan nǹkan kékeré kan tí wọ́n kì bọ ihò, tó jọ fíláàṣì. Mi ò fọkàn sí i rí. Mo wá rántí pé obìnrin kan láti Ìjù, tó máa ń gbé aṣọ ẹgbẹ́ wọn wá, ti bi mí lọ́sẹ̀ yẹn pé ṣé kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù mi ni òun gbàgbé fíláàṣì òun sí. Mo yọ ọ́. Inú mi tilẹ̀ dùn pé mo bá a rí nǹkan rẹ̀. Nígbà tó yà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo fà á lé e lọ́wọ́, ó súre fún mi, ó sì gba Ìjù lọ.

Kọ́kọ́rọ́ ètò ọnà ni mo gbé fún un. Àwọn tó ṣe ètò náà ló fi í síbẹ̀, kí ètò wọn má baà ṣí fún ẹni tí kò rà á. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo rà á, ṣùgbọ́n ojú mi wà lára ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, etí mi ò gba nǹkan kan. Nígbà tí ẹnjiníà fi máa padà dé láti wá so ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà pọ̀, ètò ọnà gan-an kò ṣí mọ́. Àwa méjèèjì jókòó, à ń bú ètò tuntun fún ohun tí èmi fi ọwọ́ ara mi yọ.

Ìyá rẹ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́, èmi náà gbé tèmi. A rí mẹ́sàn-án ṣe sí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi, akọrin mọ́kànlélógún ní àgbélébùú lọ́rùn, àwọn mọ́kàndínlógún wọ aṣọ lásán. Ọ̀gá akọrin ò bú mi. Ó kó àwọn tó ní àgbélébùú síwájú, ó kó àwọn tí kò ní sẹ́yìn, ó tò wọ́n bíi pé bí òun ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi. Mi ò lè gbé ojú sókè títí wọ́n fi kọrin tán.

Lọ́jọ́ Ajé mo pe àwọn tó ṣe ètò ọnà, wọ́n bi mí pé kọ́kọ́rọ́ wọn dà, ni mo bá gun ọ̀kadà lọ sí Ìjù. Mo bá ìyá náà níbi tó ti ń sá gbágùúdá. Kọ́kọ́rọ́ ètò mi ń fì dirodiro nídìí ìró rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé. Ó ní, "Ọmọ mi ti fi sínú kọ̀ǹpútà, ó ní kò sí orin kankan nínú ẹ̀. Ni mo bá fi kọ́ kọ́kọ́rọ́, ó ṣáà ní ihò." Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé, ó tú u fún mi. Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi gun ọ̀kadà padà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹnjiníà tó rí ẹ̀rọ so mọ́ kọ̀ǹpútà.

Má rẹ́rìn-ín jù, gbọ́ ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Má ṣe fi ètò tuntun sí kọ̀ǹpútà nígbà tí iṣẹ́ oníṣẹ́ bá wà lórí ẹ̀rọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ kan ṣoṣo ló kù. Fi fóònù rẹ ya ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà kí ẹnikẹ́ni tó tú wáyà kan, kí o mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Kó o tó gbọ́ ti ẹnjiníà, kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ètò ọnà bóyá tiwọn máa bá ètò ìpìlẹ̀ tuntun yẹn ṣiṣẹ́. Ẹnjiníà mọ kọ̀ǹpútà, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n kò mọ abẹ́rẹ́. Ṣe ẹ̀dà gbogbo ọnà sí ibòmíràn, kí o sì ṣí i wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí o tó gbà pé o ní ẹ̀dà. Bí o bá sì rí kọ̀ǹpútà àlòkù kan yá, orí ìyẹn ni kí o ti kọ́kọ́ dán an wò. Bí yóò bá bàjẹ́, kó bàjẹ́ níbi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ̀kẹta ni ti àìsàn mi, ìwọ náà wà níbẹ̀. Ọdún tí wọ́n dá mi dúró sí ọsibítù fún iṣẹ́ abẹ, o ṣì wà nílé-ẹ̀kọ́, o sì gba ìsinmi wá sílé láti bójú tó ṣọ́ọ̀bù. Bàbá kan wá, ó ní ọnà tí mo kọ sí agbádá òun lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn lòun fẹ́ fún àbúrò òun. O ṣí kọ̀ǹpútà. O pè mí ní bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, o ní, "Bàámi, kí ni orúkọ ẹ̀ níbí?"

Mo ní, "Wo Ọkùnrin Tó Ń Súfèé."

O ní, "Bàámi, ẹ ní kí ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pe ọnà mi. Ọkùnrin tó ń súfèé ló kọ́kọ́ ní kí n ya ìyẹn fún òun. Òmíràn wà tó ń jẹ́ Ìyá Tó Ń Bínú, òmíràn ń jẹ́ Ọjọ́ Òjò, òmíràn sì ń jẹ́ Èyí Tó Jọ Ewé Kókò Ṣùgbọ́n Kì Í Ṣe Òun. Orí mi nìkan ló mọ̀ wọ́n, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi máa ń kẹ́yìn sí wa tó bá ń ya ọnà rẹ̀ sórí páálí, èmi náà rò pé bí ọ̀gá ṣe ń jẹ́ ọ̀gá nìyẹn. Bí n bá kú sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹ̀rọ á wà, kọ̀ǹpútà á wà, kò sì sí ẹni tí yóò rí nǹkan kan mú jáde nínú ẹ̀.

Ìwọ lo jókòó ti kọ̀ǹpútà yẹn lọ́sàn-án, lójoojúmọ́, o ṣí ọnà kọ̀ọ̀kan, o kọ ọ́ sínú ìwé, o fún un lórúkọ tí ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá lè rí: ọrùn agbádá, àyà búbá, fìlà, báàjì. Nígbà tí mo padà sílé, mo bínú. Mo ní ta ló rán ọ níṣẹ́. Inú yàrá ni mo ti wá ṣí ìwé yẹn, mo rí i pé lábẹ́ orúkọ tuntun kọ̀ọ̀kan, o fi lẹ́tà wíńníwíńní kọ orúkọ tí mo fún un tẹ́lẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Mi ò sọ fún ọ lọ́jọ́ náà bí inú mi ṣe rí. Mo ń sọ fún ọ nísinsìnyí: mo yangàn. Mo gbé ìwé náà sábẹ́ apá, mo gbé e dé ọ̀dọ̀ télọ̀, mo gbé e dé ọ̀dọ̀ aláró, títí ó fi sú gbogbo wọn láti gbọ́.

Ibi tí mo kọ lẹ́tà yìí dé lọ́jọ́rú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó kàn tí mo fẹ́ sọ ni pé kí o má ṣe é, kí o ṣì dúró dìgbà tí orúnkún mi bá jẹ́ kí n wá sí Oǹdó, kí n lè wà níbẹ̀. Òwú dúdú tán, ni mo bá sọ bírò kalẹ̀, mo lọ sọ́dọ̀ Àlàájà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa ń tà á fún wa níwájú ọjà.

Àlàájà rí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Mojí, ọmọ yín mà yà síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Mo ní, "Mojí wo? Ó wá sí Àkúrẹ́ kò wọlé wa?"

"Ẹ má bínú sí i. Ó ní iṣẹ́ wà lórí ẹ̀rọ, òun máa padà kíá. Nǹkan kan ló gbé fún mi pé kí n bá òun tọ́jú." Ó ṣí àpótí tó ń kó wúrà ẹ̀ sí, ó mú àpò aṣọ kékeré kan jáde. Dísíìkì kan ló wà nínú ẹ̀, ìwé pélébé lẹ̀ mọ́ ọn. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ bí mo ṣe mọ ojú rẹ. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Gbogbo ọnà Bàámi. Ẹ̀dà kẹta.*

Àlàájà ní, "Ó ní ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ òun, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyá ọkọ òun, èyí tó wà níbí ni pé tí nǹkan kan bá ṣe Oǹdó, kó má ṣe Àkúrẹ́. Ó ní òun ti kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ètò yẹn, wọ́n ti fèsì pé tiwọn máa bá tuntun ṣiṣẹ́. Ó ti dán an wò lórí kọ̀ǹpútà ọkọ ẹ̀. Ó ní tí òun bá ti kó báàjì lọ fún wọn tán lòun máa ṣe é."

Mo ní, "Kí ló dé tó fi wá ń bi mí?"

Àlàájà wò mí bíi pé ọmọdé ni mí. Ó ní, "Yóò ha ṣe é láìbi yín?"

Mojísọ́lá, omi bọ́ lójú mi níwájú àwọn tó ń ra òwú. Àlàájà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní bí òwú dúdú bá ti wọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí n mú funfun.

Mo padà sílé, mo fẹ́ fa ìwé tí mo ti kọ ya. Kò sí ohun kan nínú ìmọ̀ràn mi tí o kò tíì ṣe. Ìyá rẹ ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, pé ó yẹ kí ọmọ mọ ohun tí bàbá rẹ̀ fi ìyà kọ́, kó lè mọ̀ pé òun kọ́ ọ láìjẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún ọ. Ìyókù tí mo kọ lẹ́yìn òwú nìyí, mi ò ní fi nọ́ńbà sí i.

Mo purọ́ fún ọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ. Kì í ṣe irọ́ tí mo mọ̀ sí irọ́ nígbà yẹn. Nígbà tí àwọn ẹbí ń kùn pé àwọn bàbá mìíràn ń fún ọmọ ní fíríìjì, mo dìde, mo ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fún tèmi, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà lé ọkọ̀ tẹ̀lé ọ. Gbogbo èèyàn yìn mí. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹ̀rọ náà láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mò ń sọ ni pé, "Ẹ̀rọ mi wà ní Oǹdó." Ẹ̀rọ mi! Ìyá rẹ ti ń gbọ́ ọ, ó ń dákẹ́. Ariwo tí mo pa lórí fóònù, ẹni tí kò tíì fi nǹkan sílẹ̀ ló pa á. Ẹ̀rù kọ̀ǹpútà ni mo pè é, ẹ̀rù pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí o kò ní nílò láti bi mí ni, mi ò kàn mọ̀ pé ọjọ́ náà ti dé. O mọ̀, o sì ṣì pè mí. O fi ọ̀wọ̀ bò mí láṣìírí, mo sì lé ọ lórí fóònù. Dárí jì mí, ọmọ mi.

Torí náà, ìdáhùn mi nìyí, èyí tó yẹ kí n ti fún ọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣe é. Kó báàjì àwọn ọmọ yẹn lọ fún wọn kọ́kọ́, kí o sùn dáadáa, kí o sì ṣe é láàárọ̀ nígbà tí ojú rẹ bá mọ́lẹ̀. Má dúró dè mí. Bí ìyá ọkọ rẹ bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ bó ṣe máa ń ṣe, tó ń fi Oǹdó bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, jẹ́ kó jókòó. Bí ó bá yọrí, kò ní yà mí lẹ́nu. Bí kò bá yọrí lẹ́ẹ̀kan, o ti ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe, o ó tún un ṣe. Mo ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ púpọ̀ láyé mi, kò sí ẹni tó mọṣẹ́ tó ọ nínú wọn, mo sì mọ̀ pé o ti kọjá mi.

Ohun kan ló kù. Bí wọ́n bá ń fi ètò ìpìlẹ̀ sí kọ̀ǹpútà, ó máa ń dé ibì kan tó máa dúró, á béèrè orúkọ ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi èyí tó wà níbẹ̀ sí i, tèmi ni mo ní kí wọ́n kọ, mo sì dúró lórí ẹnjiníà títí ó fi kọ ọ́ pé. Mo mọ̀ ọ́. Bí tuntun bá béèrè, orúkọ mi ló máa wá sí ọ lọ́wọ́, kí inú bàbá rẹ lè dùn.

Má kọ ọ́. Kọ orúkọ rẹ síbẹ̀, Mojísọ́lá, kí o kọ ọ́ pé.

Èmi ni bàbá rẹ.